Ọwọ́ alùpùpù tuntun tó gba èjìká mi sílẹ̀

Bí mo bá gun Honda Shadow mi láti Èkó dé Ìbàdàn, ìka ọwọ́ mi á ti kú, èjìká á máa ro mí. Ọwọ́ alùpùpù náà, irin tí a fi ń darí rẹ̀, ló jìnnà jù, àfi kí n tẹ̀ síwájú kí n tó dì í mú.

Kí n tó náwó sórí ọwọ́ tuntun, mo jókòó sórí rẹ̀, mo dijú, mo na ọwọ́ síbi tó rọ̀ mí lọ́rùn, mẹkáníìkì wá fi téèpù wọ̀n ọ́n: ínṣì 3 sẹ́yìn, ínṣì 1 péré sókè. Gíga kọ́ ni ìṣòro, bó ṣe tẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni ni. Àwọn ọwọ́ gàgàrà tí wọ́n ń pè ní ape hanger wuyì lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ márosẹ̀ á máa gbá ọ láyà ni.

Ẹ wo ìnípọn rẹ̀ náà. Tèmi jẹ́ ínṣì 1, bíi ti Harley. Ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà akérò jẹ́ mìlímítà 22, ó kéré jù, kò lè dúró níbẹ̀.

Nígbà tí a de ọwọ́ tuntun náà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti rọ́bà bíréèkì ti tẹ́lẹ̀ ṣì tó o. Mo wá tan ẹ́ńjìnnì, mo yí ọwọ́ dé òpin lọ́tùn-ún, lósì. Nígbà tó dé òsì, ẹ́ńjìnnì dédé ń han: wáyà tọ́rọ́tù, èyí tí a fi ń tẹná, ti fà jù. A gbà á gba ibòmíràn lábẹ́ táńkì, ariwo náà lọ sílẹ̀. Ọwọ́ náà kò kan táńkì níbì kankan. Ẹ tún bóòtì tó di ọwọ́ náà mú fún pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.