Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ara Yín Ní Yíya Ẹranko: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Alángbá

Ẹni tó fẹ́ràn ẹranko, tó sì fẹ́ máa ya àwòrán wọn, kò nílò kìnnìún láti bẹ̀rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, alángbá wà lára fẹ́ǹsì gbogbo ilé. Bó bá ń yáàrùn, ó lè dúró sójú kan pẹ́ títí, kò sì ní irun tí yóò bo ìdúró ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tó: HB fún ìlà ìbẹ̀rẹ̀, 2B fún òjìji, 6B fún ibi tó dúdú jù. Abẹ ni kí ẹ fi gbẹ́ wọn, kí ẹnu lẹ́ẹ̀dì yọ tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun ojú tó fẹ̀. Ìwé fọtokópì dára fún ìdánrawò, àmọ́ bí kílínà bá ti kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á hu irun, dúdú kò sì ní í mú un dọ́gba mọ́. Fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ ra ìwé ìyàwòrán tó nípọn, 150 gsm sókè (gsm ni wọ́n fi ń wọn bí ìwé ṣe wúwo tó). Ẹ máa tẹ́ abala ìwé kan sábẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń yà, torí òógùn ọwọ́ máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an nínú ooru tiwa yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ti àwọn alángbá dáadáa, ẹ lọ sí Òkè Olúmọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ mú àpáta náà gbóná. Bí òtútù bá ń mú akọ alángbá, bíráùn ni ara rẹ̀ máa ń rí. Oòrùn ló ń jẹ́ kí orí rẹ̀ pọ́n, kí ara rẹ̀ sì rẹ̀ dòdò bí aró Ìtòkú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sí i lára, á sá.

Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ya ìlà kan ṣoṣo, láti imú dé ṣóńṣó ìrù. Ẹ ṣe é títí ojú ìwé á fi kún. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì kí ẹ fi orí, àyà àti ìbàdí kún un, kí ẹ tó dé ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá yí padà, ẹ má ṣe méfò èyí tó kù. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹranko máa ń padà sí ìdúró tó ti dúró tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tí ẹ fi sílẹ̀ parí. Ìrù ni ọ̀pọ̀ ń gé kúrú nítorí pé ìwé ti tán, nítorí náà, ẹ na lẹ́ẹ̀dì síwájú, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi gígùn orí alángbá náà wọn ìyókù ara rẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà kankan. Ìpẹ́ kọ́ ni ká máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òjìji nìkan ni kí ẹ ti fi í hàn.

Oríkèé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́, ibi tó dà bíi pé orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe orúnkún rárá, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún rẹ̀ gan-an wà lókè, lẹ́bàá ikùn, orí ìka ló sì ń fi rìn. Bákan náà ni ti ẹyẹ, àfi pé ìyẹ́ ló bo orúnkún tirẹ̀. Bí ẹ bá pa adìẹ, tí ẹ ń kun ún nílé, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ máa ká a: oríkèé tó so itan pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e ni orúnkún, ìsàlẹ̀ níbi tí ìpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ibẹ̀ yà, kò sí òjìji tó lè tún un ṣe.

Ọmọlójú ewúrẹ́ dùbúlẹ̀, ti alángbá rí roboto. Ẹ dá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn nínú ojú sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ funfun ìwé gan-an, torí kílínà kì í dá a padà tán. Kí ẹ wá jẹ́ kí òkè ẹyinjú ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí ìpéǹpéjú máa ń ṣíji bò ó. Láìsí èyí, ojú náà á yọ síta gbàǹgbà.

Lékeléke ńkọ́, tó funfun lórí ìwé funfun? Koríko ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kùn, ẹyẹ náà á yọ fúnra rẹ̀.

Fún ẹranko ńlá, ọgbà ẹranko wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà, òmíràn sì wà ní OOPL, ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ní Òkè Mósàn. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú wọn léèrè ìgbà tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Bí ẹranko bá ti yó, á dùbúlẹ̀, ẹ ó sì ráyè yà á. Ẹ má ju nǹkan sí i kó lè dìde. Ẹ má sì so ẹranko kankan mọ́lẹ̀ nítorí àwòrán, ẹ̀rù ló máa hàn lára rẹ̀. Akíka tí ọdẹ ń tà lẹ́bàá títì, ẹ má ṣe rà á láti fi yàwòrán. Òfin dáàbò bò ó, owó yín ló sì ń rán ọdẹ padà sínú igbó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fótò ṣiṣẹ́, ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì sórí rẹ̀, kí ẹ fa ti mẹ́rin-mẹ́rin sórí ìwé yín, gígùn àti ìbú àwòrán á di ìlọ́po méjì. HB fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi fà á kó lè parẹ́. Fótò tí ẹ fúnra yín yà ló dára jù. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ta àwòrán náà.