Bí A Ṣe Ń Kúrò Lórí DSLR Bọ́ Sórí Kámẹ́rà Mirrorless fún Fọ́tò Ojú Ènìyàn

Nínú kámẹ́rà DSLR, dígí kan wà níwájú sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di fọ́tò. Òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì wọlé lọ sí ihò tá à ń yọjú wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè, á dún "pà", sensor á wá rí ohun tó fẹ́ yà. Mirrorless ò ní dígí yìí rárá. Sensor ló ń ríran látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì rí ló ń gbé sójú sìkíríìnì kékeré tó wà nínú ihò náà. Fọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ yà lẹ ti ń wò kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan. Àtohun tó dùn nínú ẹ̀ àtohun tó ń múnú bíni, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ má tíì ta lẹ́ńsì yín

Kámẹ́rà nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kẹ́ ẹ fi adapter kún un, ìyẹn òrùka tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà tuntun. Bí kò ṣe sí dígí mọ́, ẹnu kámẹ́rà tuntun ti sún mọ́ sensor gan-an: lára Canon EF tó jẹ́ ti DSLR, milimítà 44 ló wà láàárín wọn, lára RF tó jẹ́ ti mirrorless, 20 péré ni, ti Nikon F (DSLR) jẹ́ 46.5, ti Z (mirrorless) jẹ́ 16. Àyè tó ṣófo yẹn ni adapter ń dí. Èyí tí Canon àti Nikon ń ṣe fúnra wọn fún lẹ́ńsì DSLR wọn ò ní gíláàsì nínú, nítorí náà kì í ba fọ́tò jẹ́.

Lẹ́ńsì EF máa ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwa tá a ń lo Nikon ló yẹ ká la ojú wa dáadáa: lẹ́ńsì AF-S, tó ní mọ́tò nínú, á mú fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, àmọ́ AF-D àtijọ́ ò ní mọ́tò, FTZ tó jẹ́ adapter Nikon náà ò sì ní. Ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Tó bá jẹ́ 85mm AF-D lẹ fi ń jẹun, ẹ ti yáa fi owó lẹ́ńsì kan kún owó kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wá ojú fúnra ẹ̀

Àṣà tó nira jù láti fi sílẹ̀ nìyí. Lórí DSLR, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi àmì àárín mú fókọ́ọ̀sì sójú ẹni tó jókòó, ká di bọ́tìnnì mú, ká tó wá yí kámẹ́rà síbi tá a fẹ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: lẹ́ńsì 85mm tá a ṣí ojú ẹ̀ gbòòrò dé f/1.8, lórí sensor full-frame (èyí tó tóbi tó fíìmù 35mm), tẹ́ni náà bá wà ní mítà 1.5, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ. Láti ìpéǹpéjú dé etí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kàn fì díẹ̀ báyìí, irun ojú ti mọ́, ẹyinjú ti di bàìbàì.

Ẹ yan AF-C lórí Nikon tàbí Sony, Servo lórí Canon, ìyẹn fókọ́ọ̀sì tí kì í dáwọ́ dúró. Ẹ yan àyè fókọ́ọ̀sì tó fẹ̀ jù, kẹ́ ẹ tan èyí tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Àpótí kékeré kan á bà lé ẹyinjú, á sì máa tẹ̀ lé e bí orí ṣe ń yí. Ọwọ́ yín á wá dilẹ̀ fún ohun tó kù: èjìká tó ká kò, ìka tó le gbagidi, ẹ̀rín tó fẹ́ bọ́ sọ́nà. Àmọ́ ẹ má sùn o. Irun tó bo ojú tàbí férémù awò lè tàn án jẹ. Tẹ́ni méjì bá jókòó, ẹ̀yin lẹ máa yan ojú tẹ́ ẹ fẹ́.

Nígbà tí iná fíláàṣì bá wọ ọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé mirrorless wọ stúdíò, mo to fíláàṣì méjì, mo gbé kámẹ́rà sí 1/160, f/8, ISO 100, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Mo yọjú wò ó: dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ kan ẹnu lẹ́ńsì bóyá mo gbàgbé ìdérí ẹ̀. Kò sí ìdérí. Oníbàárà jókòó, ó ń wò mí.

Kámẹ́rà ò ṣẹ̀. Bí fọ́tò ṣe máa rí láìsí fíláàṣì ló ń fi hàn mí, torí kò mọ̀ pé iná ń bọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Canon, ẹ lọ sí Expo. simulation, kẹ́ ẹ pa á. Lórí àwọn Nikon bíi Z6, Apply settings to live view lẹ máa pa. Lórí Sony, Live View Display, kẹ́ ẹ gbé e sí Setting Effect OFF. Ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì kan, torí tẹ́ ẹ bá jáde sínú oòrùn, ẹ máa fẹ́ tan án padà.

Ẹ lo shutter mechanical (ilẹ̀kùn gidi tó ń ṣí tó sì ń pa dé níwájú sensor) pẹ̀lú fíláàṣì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí eré ẹ̀ kọjá 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, bí kámẹ́rà yín bá ṣe gbà. Tẹ́ ẹ bá fi í sórí shutter electronic, èyí tí kì í dún rárá, fíláàṣì kì í sábà tàn. Èyí tí kì í dún yẹn dára fún ọmọ ọwọ́ tó ń sùn, ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn iná LED kan, ó lè fa ìlà sójú fọ́tò.

Bátìrì àti eruku

Nínú ìdánwò CIPA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan), bátìrì kan á ya fọ́tò 1,230 lórí Nikon D750. 310 ló yà lórí Z6 tó jẹ́ mirrorless. Lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ ra bátìrì méjì sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ pa kámẹ́rà, kẹ́ ẹ dorí ẹnu ẹ̀ kodò: lára ọ̀pọ̀ ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó bo sensor.

Ẹ ya raw (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) bíi mélòó kan nílé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà yín lè ṣí i, torí ẹ̀dà software tó ti pẹ́ kì í mọ kámẹ́rà tuntun.

Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé DSLR dání sínú báàgì. Èmi gbé tèmi kiri fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo wá mú un jáde, bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, mi ò sì mọ̀.