Bí mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ òkun ní Kúbà, tí mo fi dé Regla

Etí ló fẹ́ẹ̀ lé mi padà sílé. Mi ò tíì wọ̀ ju mítà mẹ́ta lọ nínú òkun Playa Larga tó fi dà bíi pé ẹnì kan ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí létí ọ̀tún, mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo ń fì í sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé ká ṣe tí nǹkan ò bá lọ déédéé, mo tọ́ka sí etí. Tíṣà mi ò jẹ́ kí n já sókè. Ó dì mí lápá mú, ó fà mí gòkè díẹ̀, ó wá fi ìka méjì di imú ara ẹ̀, ó ń wò mí lójú. Èmi náà di imú, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́jẹ́, etí dún "pọ́", ìrora lọ.

Ohun tí mo ṣe tí ò dáa ni pé mo dúró kó dùn mí kí n tó ṣe é. Omi wúwo gan-an o. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé mítà mẹ́wàá, bó ṣe ń tẹ ara yín ti di ìlọ́po méjì tòkè, nítorí náà látìgbà tí orí bá ti wọ omi ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é léraléra, kó tó dùn yín rárá, tó bá kọ̀ tí ò ṣí, ẹ gòkè díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú. Ẹ má fagídí ṣe é, etí ò ṣe é rà lọ́jà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti rí Kúbà, torí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó tán níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí òrìṣà parun. Ṣùgbọ́n inú ilé tí wọn kì í jẹ́ kọ́mọdé sún mọ́ òkun ni mo ti dàgbà. Tá a bá lọ Bar Beach nígbà Kérésì, orí iyanrìn la máa wà, omi ò tíì kàn mí lọ́rùn ẹsẹ̀ tí màmá mi á ti pariwo orúkọ mi. Kí n wá dé ìlú tí wọ́n ti ń bọ Yemọja tó báyẹn, kó tún jẹ́ etí omi ni màá dúró sí? Kò tọ́ lójú mi.

Láti Havana dé Playa Larga, básì wákàtí mẹ́ta ni. Owó yúrò ni kẹ́ ẹ kó dání, káàdì báǹkì Amẹ́ríkà ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iná sì ń lọ gan-an, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Inú ilé àwọn ará ìlú lèèyàn ti ń gba yàrá, màmá tó ni ilé tí mo dé sí ń se ìrẹsì òun ẹ̀wà dúdú dè mí lálaalẹ́. Oṣù kẹrin ni mo lọ, ìgbà tí akàn pupa ń ti inú igbó jáde lọ da ẹyin sínú òkun, wọ́n bo títì pátá. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí Amẹ́ríkà rán wá gbógun já sí ní 1961, tí Kúbà lé wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀ wà ní Playa Girón.

Kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni mo ṣe. Atẹ́gùn lásán tá à ń mí lójoojúmọ́ ló wà nínú sìlíńdà tí wọ́n gbé kọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n wá fi bélíìtì olójé sí mi nídìí kí n lè rì. Òfin tí tíṣà sọ ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dá èémí dúró, torí tẹ́ ẹ bá ń gòkè, atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín á máa wú, tí ò bá sì rọ́nà jáde ó lè ya á. Ó tún ní ká má na àtàǹpàkò sókè tí nǹkan bá dáa, torí nínú omi, ohun tíyẹn ń sọ ni pé ẹ fẹ́ gòkè.

Másìkì, gíláàsì tó ń bo ojú àti imú, ló le jù fún mi. Ẹ óò kúnlẹ̀ sórí iyanrìn nísàlẹ̀, ẹ óò fọwọ́ ara yín jẹ́ kí omi kún inú másìkì, kẹ́ ẹ wá lé e jáde. Ìgbà tí omi iyọ̀ kọ́kọ́ wọ imú mi, ṣe ni mo dìde dúró nínú omi tí ò ju àyà lọ, mo ń wúkọ́, àyà mi ń lù kìkìkì. Ẹ̀ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta fúngbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí màmá mi máa ń sọ wá wá sí mi lọ́kàn, pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Mo padà wọlé. Mo tẹ òkè másìkì mọ́ iwájú orí, mo gbójú sókè díẹ̀, mo fi imú fẹ́ atẹ́gùn gbọọrọ, omi ń gba ìsàlẹ̀ jáde, mo lajú, mo rí tíṣà tó ń pàtẹ́wọ́ tí ò dún.

Ọjọ́ kẹrin la lọ síbi ògiri abẹ́ òkun. Ẹ̀bá títì la ti múra, a rìn wọnú omi, a lúwẹ̀ẹ́ lọ díẹ̀, ilẹ̀ bá já lójijì, kìkì búlúù ló kù nísàlẹ̀. Mítà 18 ni wọ́n gbà mí láàyè mọ. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́, nígbà tá a débẹ̀ ó ti dúdú bíi kọfí, torí àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Iyùn lára ògiri yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń wà lọ́rùn ọba, àmọ́ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọ́n sì wà láàyè. Ọ̀kan rí bí abẹ̀bẹ̀ gẹ́lẹ́, aláwọ̀ àlùkò, tínrín bí aṣọ léèsì, omi ń fì í lọ fì í bọ̀. Ẹja ayékòótọ́ kan ń fi eyín rún òkúta, mo ń gbọ́ ọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo sunkún nínú másìkì yẹn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń lé omi jáde nínú ẹ̀.

Kí atẹ́gùn sìlíńdà tó ku 50 bar lójú aago tó ń wọ̀n ọ́n la ti yí padà, díẹ̀díẹ̀ la ń gòkè, a dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ lè jáde.

Tẹ́ ẹ bá wọ òkun báyẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó kéré tán wákàtí 18. Ọjọ́ tí mo fi ń dúró yẹn ni mo fi lọ Regla, àdúgbò kan lódìkejì omi. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi sọdá láti Havana, kò pẹ́ rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà létí omi níbẹ̀, Màríà dúdú tó gbé ọmọ funfun dání ló wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Yemayá, ìyẹn Yemọja tiwa, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún ẹ̀. Nílé, odò Ògùn ni ti Yemọja, Olókun ló lòkun, àmọ́ àwọn tó sọdá gbé òkun lé e lọ́wọ́. Mi ò rò pé wọ́n ṣìnà, òkun náà ni wọ́n là kọjá.

Màmá àgbà kan wọ aṣọ búlúù àti funfun lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta omi sílẹ̀ látinú ife, ó ń sọ pé "omi tuto, ona tuto, ilé tuto." Mo kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Mo ní omi tútù, ọ̀nà tútù, ilé tútù, màmá. Ó dáwọ́ dúró. Mo fi ìwọ̀nba Sípáníìṣì tí mo gbọ́ sọ fún un pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó ní kí n pe orúkọ Yemayá, ìyá òun, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Mo pè é, mo sì tú u, Yèyé ọmọ ẹja. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ìyá àwọn ẹja. Mo ní lánàá ni mo lọ sísàlẹ̀ òkun, mo wà láàárín àwọn ọmọ ẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó bi mí bóyá ara àwọn ọmọ le. Mo ní ara wọn le, màmá, wọ́n sì pọ̀.