Mo ti pa páswọ́ọ̀dù, SSH ṣì ń béèrè rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Ubuntu mi wà nílé wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Èkó ni mo ti ń fi SSH, ètò tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọ inú rẹ̀. Lánàá mo ṣí /var/log/auth.log, fáìlì tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó bá gbìyànjú láti wọlé, "Failed password for root" ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ PasswordAuthentication no sí ìsàlẹ̀ sshd_config, fáìlì ètò SSH, mo tún ssh tan, síbẹ̀ ó ṣì ń gba páswọ́ọ̀dù.

Ìdáhùn: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Kò sẹ́ni tó mọ ilé yín. Ẹ̀rọ ló ń kan pọ́ọ̀tù 22, ẹnu ọ̀nà SSH, kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru. "Failed" ni pé wọn ò rí i ṣí. "Accepted" ni kó o wá; tó o bá rí i pẹ̀lú àdírẹ́sì tó ò mọ̀, ní kí wọ́n yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nílé kíá.

Ní ti ohun tó o kọ, èyí tí sshd (apá SSH tó ń gbani wọlé) bá kọ́kọ́ kà ló ń gbà. Òkè fáìlì yẹn ni ìlà Include wà, òun ló ń kó àwọn fáìlì inú sshd_config.d wọlé kó tó dé ìsàlẹ̀ tó o kọ̀wé sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, 50-cloud-init.conf ló máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú "yes". Yí i sí no. Fi PermitRootLogin no kún un, kí root (aṣàmúlò tó láṣẹ lórí ohun gbogbo) má lè wọlé. sudo sshd -t á sọ bóyá àṣìṣe wà. sudo sshd -T á fi ohun tó máa lò gan-an hàn ọ́.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ tí wàá máa fi wọlé dípò páswọ́ọ̀dù: ssh-keygen -t ed25519, lẹ́yìn náà ssh-copy-id tó máa gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà ilé. Má sì pa fèrèsé tó o wà nínú rẹ̀ títí wàá fi wọlé láti òmíràn. Bó o bá ti ara rẹ mọ́ta, ṣé Màmá ló máa bá ẹ ṣí i?

Ìbéèrè: Fèrèsé kejì ní "Permission denied". Kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú authorized_keys, fáìlì tí wọ́n ń kó o sí, mo fojú ara mi rí i.

Ìdáhùn: Tẹ ls -ld ~ nínú fèrèsé àkọ́kọ́, á fi ẹni tó láṣẹ lórí fódà ilé rẹ (~) hàn. Kí lo rí?

Ìbéèrè: drwxrwxrwx.

Ìdáhùn: Ẹnì kan ti ṣe chmod 777, ó ṣí i fún gbogbo èèyàn. sshd kì í gba kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fódà ilé tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí. Ṣe chmod 755 ~, 700 fún ~/.ssh, 600 fún authorized_keys.

Ìbéèrè: Ó ti wọlé! Àbúrò mi ló ṣe chmod yẹn, ó ní òun fẹ́ da fíìmù sínú rẹ̀. Ṣé kí n yí pọ́ọ̀tù 22 padà?

Ìdáhùn: Ariwo inú log á dín kù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló ń wọlé, WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni màá lò, màá sì ti 22 pa sí ará ìta.