Ẹ Yéé Kọ́ Yàrá Tí Ìyá Kankan Kò Ní Wọ̀

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn ibùdó ìlera ní Ìbàdàn àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ tuntun ń dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ìtọ́jú ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Owó wà lọ́wọ́ wọn, àánú sì ń ṣe wọ́n. Kó tó di oṣù mẹ́fà, owó ti tán, ọmọ tí wọ́n rí kò pé mẹ́wàá. Inú ń bí mi, torí àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àkọ́kọ́: ẹ má kọ́ yàrá ọ̀tọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ kan wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kun yàrá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó ohun ìṣeré sí i, wọ́n wá kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ Ọmọdé." Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe kàn án, mi ò sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan pọn ọmọ jòjòló wá, ó sì fa ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lọ́wọ́, ọmọkùnrin bí ọdún 3. Ó dé iwájú yàrá yẹn, ó wo pátákó, ó wẹ̀yìn wo àwọn obìnrin tó jókòó. Ó tú ọ̀já, ó tún un so, bíi pé torí ọ̀já ló ṣe dúró, ó sì gba ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ lọ. Ta ló fẹ́ kí àdúgbò máa sọ pé wèrè lọmọ òun? Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá fẹ́ níyàwó, àwọn àna á ṣèwádìí. Òfin ilẹ̀ wa lórí àìsàn ọpọlọ pàápàá, orúkọ wèrè ló ń jẹ́ títí di 2023 tí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun fi rọ́pò rẹ̀. Ṣé pátákó yín ló máa wá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní oṣù mẹ́ta? A ò tiẹ̀ nílò yàrá ọ̀tọ̀: láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ti fi hàn ní Arò, l'Abẹ́òkúta, pé aláìsàn lè máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó sì máa gba ìtọ́jú.

Ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15: wọ́n ń bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe. Ní oṣù 9, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ṣé ó yíjú? Ní oṣù 15, ṣé ó ń nàka sí ohun tó fẹ́? Orí bẹ́ǹṣì ìwọ̀n yẹn náà ni mo ti rí ọmọkùnrin ọdún 3 tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́ lọ́jọ́sí. Ó to ìdérí ìgò mínírà tẹ̀ léra wọn, ó ń fi ìka tọ́ wọn sọ́nà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò wò mí. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ń gbọ́ràn dáadáa. Ìgbà náà la wá kọ̀wé fún ìyá rẹ̀ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ìkejì: ẹ má tẹ ìwé pélébé ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìkẹta: ẹ má wo ọmọ kẹ́ ẹ gbàgbé ìyá. Ìyá tí ìbànújẹ́ ti bò látìgbà tó ti bímọ, tí kò sùn, tí kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ má bá ìyá àgbà àti agbẹ̀bí ìbílẹ̀ jà. Àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, èyí tí gìrì mú, èyí tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa fojú sí. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn ìyá àgbà àti agbẹ̀bí yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò ní rán ẹnikẹ́ni sí yín.

Ẹ má sì kọ̀wé fún ìyá láìfún un lówó ọkọ̀. Ìyá ọmọkùnrin yẹn lọ sí UCH lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ mọ́. Mo wá a dé ilé. Ó ní owó àlọ àti àbọ̀ ti ń jẹ owó gààrí àwọn ọmọ. Kápẹ́ẹ̀tì yàrá yẹn ṣì wà níbẹ̀, tuntun.