Wọ́n Pe Màmá Lórí Fóònù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọ̀rọ̀ Gbájúẹ̀

Ẹjọ́ kan náà ló ń wá lójoojúmọ́: ẹnì kan pe Màmá, Màmá ka nọ́ńbà kan fún un, owó sì lọ. Ojú ń ti àgbà, inú ń bí ọmọ, olè ti ná owó tán. Ọmọ tínú ń bí yẹn ló ra fóònù fún Màmá, òun ló fi WhatsApp sí i, tí kò sì tì í. Bó bá jẹ́ pé òní ni owó yín jáde, ẹ má kà á síwájú. Ẹ pe báńkì lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ná, kí ẹ tó padà wá.

Ìbéèrè: Ẹnì kan pe Bàbá, ó ní òun ń pè láti báńkì, pé wọ́n fẹ́ ti BVN wọn pa. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹ pa ìpè náà.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Bàbá, ó sì ka BVN wọn láìṣì ẹyọ kan.

Ìdáhùn: Kò sí ìyanu níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sínú áàpù báńkì ni orúkọ ẹni tó ni ín máa ń jáde fún. Ní ti BVN àti NIN, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nọ́ńbà 11, wọ́n ti wà lórí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tó forúkọ síìmù sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. BVN nìkan kò lè yọ kọ́bọ̀. Ohun tó ń yọ owó ni PIN, OTP (kóòdù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù), ọ̀rọ̀ aṣínà áàpù, àti nọ́ńbà iwájú káàdì pẹ̀lú mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdẹ lásán ni BVN tó kà sí Bàbá létí. OTP ló ń wá, yóò sì béèrè rẹ̀ kí ìpè yẹn tó parí.

Ìbéèrè: Ṣé báńkì gan-an kì í béèrè OTP tàbí PIN rárá?

Ìdáhùn: Rárá. Òṣìṣẹ́ báńkì tó jókòó níwájú yín gan-an, ńṣe ló yẹ kó gbójú kúrò nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Alert 50,000 náírà wọlé sórí fóònù Màmá. Ẹnì kan wá pè, ó ń sunkún pé òun ṣi owó náà fi ránṣẹ́, kí wọ́n ṣàánú òun dá a padà.

Ìdáhùn: Alert kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kó sì fi orúkọ báńkì sórí rẹ̀. Ẹ yẹ iye tó wà lákàáǹtì wò pẹ̀lú áàpù tàbí kóòdù USSD báńkì. Bí iye náà kò bá lé, kò sí owó tó wọlé, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

Bó bá wọlé lóòótọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni àánú ti ń pa àgbàlagbà. Ẹ má fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹni tó pè dárúkọ. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí Màmá bá tì í lọ sí àkáǹtì kẹta, orúkọ Màmá ni yóò wà nínú ìwé nígbà tí ẹni tó ni ín bá fẹjọ́ sùn, àkáǹtì Màmá náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì pa. Ẹ lọ sí báńkì, kí báńkì fúnra rẹ̀ dá a padà sí ibi tó ti wá. Ẹni tó ṣi owó fi ránṣẹ́ lóòótọ́ á gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ìbéèrè: “Mọ́mì, èmi ni, mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo ní jàǹbá ọkọ̀.” Ohùn náà jọ ti ọmọ mi gan-an.

Ìdáhùn: Ohùn kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè fi ìwọ̀nba ohùn tí ọmọ yín sọ sínú fídíò Facebook ṣe ohùn mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ pa ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ìyàwó rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá ní ilé ìwòsàn lòun wà, ẹ béèrè èwo, kí ẹ rán ẹnì kan tó ń gbé ìlú yẹn lọ wò ó.

Gbogbo ilé ló yẹ kó ní ìbéèrè kan tí ará ìta kò lè dáhùn. Oríkì dára fún un, bí ọmọ náà kò bá tíì fi í ṣe orúkọ lórí Facebook: “Kí ni ìyá mi àgbà máa ń kì ọ́?” Ọjọ́ ìbí kò dára, orúkọ ilé ìwé náà kò dára, nítorí gbogbo ayé ló ń kí i lójú ìwé rẹ̀. Bí ẹni tó pè bá ń sọ pé kí ẹ yára, pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tó kù láti wádìí.

Ìbéèrè: Bàbá ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n san owó kí orúkọ wọn má baà jáde.

Ìdáhùn: PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, kì í gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Ọ̀fẹ́ ni ìjẹ́rìí “I Am Alive”, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹni náà ṣì wà láàyè. Ẹ jókòó ti Bàbá kí ẹ jọ ṣe é, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́sì PTAD fúnra yín, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ìbéèrè: Wọ́n gba WhatsApp Màmá, wọ́n ń fi tọrọ owó nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọn. A gbà á padà, ó tún lọ. Ìgbà kẹta rèé. A ti fọ fóònù náà mọ́ tónítóní, a tiẹ̀ ti ra tuntun.

Ìdáhùn: Èyí ló le jù, òun sì ni àwọn ènìyàn ń tún ṣe láìtún un ṣe. Inú fóònù ni wọ́n ń wá àrùn tí kò sí nínú fóònù.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí. Olè fi nọ́ńbà Màmá sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀. WhatsApp fi kóòdù oní-nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sí ìlà Màmá. Olè pè, ó ní akọ̀wé ẹgbẹ́ lòun, pé ìpàdé orí Zoom ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí Màmá ka kóòdù tí wọ́n máa fi wọlé. Màmá kà á. Lójú ẹsẹ̀, WhatsApp jáde lórí fóònù wọn, olè sì wà nínú ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ilé ìwé àtijọ́, ó ń yá owó tó máa dá padà “lálẹ́ òní”.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ẹ ṣí WhatsApp lórí fóònù Màmá, ẹ fi nọ́ńbà wọn sí i, ẹ tẹ kóòdù tuntun tó bá wọlé. Olè ti jáde nìyẹn, nítorí nọ́ńbà kan kò lè gbé orí fóònù àkọ́kọ́ méjì. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ tì í, WhatsApp á béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Kóòdù SMS tí ẹ ti tẹ̀ ti lé e jáde, ẹ mọ PIN yẹn o, ẹ kò mọ̀ ọ́n o.

Kí ló wá ń dá a padà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdarí ìpè ni. Nígbà tó ń bá Màmá sọ̀rọ̀, ó ti ní kí wọ́n tẹ nǹkan kan “kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dára”: ìràwọ̀ méjì, 67, ìràwọ̀ kan, nọ́ńbà fóònù kan, kó wá parí pẹ̀lú #. Ohun tí 67 ń ṣe ni pé bí ìlà Màmá bá dí, ìpè tó bá ń bọ̀ á yà sórí nọ́ńbà olè. Bó bá jẹ́ 21 ló wà níbẹ̀, gbogbo ìpè ló ń yà lọ, Màmá á sì tètè fura pé ẹnikẹ́ni kò pe àwọn mọ́. 67 ló burú jù, nítorí kò hàn sí ẹnikẹ́ni. WhatsApp lè pe ènìyàn kó sì ka kóòdù sí i létí dípò SMS. Olè, tàbí ẹnì kejì rẹ̀, á mú Màmá dání lórí ìlà, á ń kí wọn, á ń béèrè àlàáfíà ọmọ, WhatsApp á pè, ìlà dí, ìpè yà, olè gbọ́ kóòdù. Màmá kò ka nọ́ńbà kankan fún un ní ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń búra pé àwọn kò sọ nǹkan kan, tí àwọn ọmọ ò sì gbà wọ́n gbọ́. Òótọ́ ni Màmá ń sọ.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àṣẹ ìdarí yẹn ń gbé, kò sí lórí fóònù. Ẹ fọ fóònù, ó wà níbẹ̀. Ẹ ra tuntun, kí ẹ gbé síìmù kan náà sínú rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò lè rí i, ẹ má gbé owó fún un.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé, kí ẹ má sì yí i po. Ẹ kọ́kọ́ pe alábòójútó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìpè lásán, kó yọ nọ́ńbà Màmá kúrò ná. Lẹ́yìn náà, lórí fóònù Màmá, ẹ tẹ *#67#, kí ẹ tẹ *#21#. Bí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ bá jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ẹ wá tẹ ##002#, òun ló ń pa gbogbo ìdarí rẹ́. Ẹ dán an wò: kí ọmọ kan pe Màmá, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹlòmíràn pè wọ́n lákòókò náà, kí ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbé e. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn áàpù tó ní àṣẹ láti ka SMS, kí ẹ yọ èyíkéyìí tí kò bá wá láti Play Store.

Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ tó gba WhatsApp padà. Bí ẹ bá gbà á kí ẹ tó pa ìdarí rẹ́, ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún olè ni. Kí ẹ má sì dìde títí ẹ ó fi ṣe nǹkan méjì yìí tán. Ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, ẹ fi PIN oní-nọ́ńbà 6 sí i, kì í ṣe ọjọ́ ìbí, pẹ̀lú ímeèlì ọmọ kan tó ń yẹ ímeèlì rẹ̀ wò. Ẹ wá wo Linked devices. Bí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé, WhatsApp Màmá kì í jáde lórí fóònù wọn rárá, àwọn méjèèjì jọ ń lò ó ni.

Ìbéèrè: Láti àárọ̀, fóònù Màmá kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.

Ìdáhùn: Bí ti aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ kà á sí olè: ẹnì kan lè ti gba síìmù wọn sórí síìmù tuntun. Ẹ fi fóònù mìíràn pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì, kí ẹ tó mú NIN lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí wọ́n bá jí fóònù, olè kì í ṣe wàhálà láti ṣí i. Ó máa ń yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, á sì máa tẹ USSD. Ẹ fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀, inú Security ló wà nínú Settings. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má méfò: bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ni yóò béèrè, bí ẹ bá ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù kú. Báńkì ní kóòdù tí ènìyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti ti àkáǹtì. Ẹ gba tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà tó wà nílé. Inú fóònù tí wọ́n jí kọ́ ni kó wà.

Ìbéèrè: Owó ti lọ. Ọ̀dọ̀ ta la máa sá lọ?

Ìdáhùn: Báńkì tí owó ti jáde, láàárín ìṣẹ́jú, kì í ṣe lọ́la. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá báńkì tó gbà á sọ̀rọ̀ láti dá owó náà dúró. Ẹ mú iye rẹ̀, àkókò, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á, àti session ID oní-nọ́ńbà 30 tó wà lórí rìsíìtì, dání. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá, tàbí EFCC. Ẹ̀ka wọn wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Bí báńkì bá lo ọ̀sẹ̀ méjì láìdá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, CBN.

Àwọn tó ń sọ pé àwọn lè fi “hacking” gba owó padà, olè kejì ni wọ́n. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni Màmá wà.

Ìdáhùn: Kí wọ́n tẹ 159, yóò so wọ́n mọ́ báńkì wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ olè, kí wọ́n darí rẹ̀ sí 7726. Láti ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, báńkì ibẹ̀ ní láti dá owó tí wọ́n tan ènìyàn láti fi ránṣẹ́ padà, tó fi dé £85,000, àyàfi ní àwọn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Láàárín àkáǹtì inú Bìrìtéènì nìkan ni o. Owó tó bá ti wọ Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Màmá kò gbà pé gbájúẹ̀ ni. Wọ́n ní owó àwọn ti di ìlọ́po mẹ́ta lórí áàpù kan, pé ìlara ló ń ṣe wá.

Ìdáhùn: Ẹ má pariwo mọ́ wọn, ẹ má sì gba fóònù. Bí ẹ bá gbà á, wọ́n á ra kékeré kan pamọ́, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí áàpù náà dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: “Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lónìí, Màmá, kí á fi tún òrùlé ṣe.” Owó tó wà kì í béèrè owó kó tó jáde. Nígbà tí CBEX, áàpù ìdókòwò irú èyí, wó ní oṣù Igbe ọdún 2025, wọ́n ní kí àwọn tí owó wọn há kọ́kọ́ san dọ́là 100 tàbí 200 kí wọ́n tó lè yọ tiwọn. MMM náà ti àkáǹtì àwọn ènìyàn pa ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2016, nígbà tí kálukú ń múra ọdún.

Bí wọn kò bá gbọ́ tiyín, ẹ wá ẹgbẹ́ wọn, pásítọ̀ tàbí ààfáà tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, kó bá wọn jókòó láìjẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ sì tẹ̀ lé wọn lọ sí báńkì láti dín iye tó lè jáde lójúmọ́ kù, ká ní sí 20,000 náírà, kó tó ọjà àti oògùn. Kí wọ́n fọwọ́ síwèé náà fúnra wọn. Owó wọn ni.