Bí A Ṣe Ń De Àga Ọmọ Jòjòló Mọ́ Inú Ọkọ̀ Tí Kò Fi Ní Mì

Bí mo bá wọ ọkọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n tó kí ìyá ọmọ tán, ọwọ́ mi á ti wà lára àga ọmọ, màá ti máa mì ín. Àwọn ará ilé mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Ọkọ àbúrò mi fi odidi ọ̀sán kan de tiwọn, ó làágùn yọ̀bọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò lè yẹ̀ mọ́." Mo fi ọwọ́ òsì nìkan tì í, àga náà sì sún lọ bá ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n ní kó sún fún àlejò. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ibì kan ṣoṣo ló ti ṣì í, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti rí ti ń ṣì í.

Kí a tó débẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà. Ẹ ti de àga náà sílẹ̀ nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá ọmọ bí. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ níwájú ọsibítù, tí ọmọ ń ké, tí ìyá ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, bó bá ṣe rí i ló máa ṣe é. Ìwé méjì lẹ máa nílò: ìwé tó bá àga wá, àti ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìkejì yìí ni kò sẹ́ni tó ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí bóyá a lè gbé àga ọmọ sórí ìjókòó báyìí tàbí a ò lè gbé e síbẹ̀. Bó bá ti sọnù, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ dojú àga náà délẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ máa pé náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fún àga wọn ní ọdún 6 sí 10, nítorí ike máa ń gbó sínú oòrùn àti ooru ọkọ̀. Ní ti àlòkù, èmi kì í gbà á àfi lọ́wọ́ ẹni tí mo lè bi léèrè pé ṣé àga yìí ti wà nínú ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan rí, tí mo sì lè gba ohun tó bá sọ gbọ́. Ike tó ti la ìjàǹbá kọjá lè ti sán níbi tí ojú ò tó.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àga ọmọ jòjòló ń gbé, ọmọ náà a sì kọjú sí ẹ̀yìn. Orí ọmọ tuntun máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa fẹ́ fò lọ síwájú. Bí ọmọ bá kọjú síwájú, okùn á dá àyà rẹ̀ dúró, orí á ṣì máa lọ. Bó bá kọjú sẹ́yìn, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ á jọ rì sínú àga lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin àga ọmọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní R129 sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15. Èmi ò ní kẹ́ ẹ yí i lọ́jọ́ tó bá pé oṣù 15 o. Ẹ jẹ́ kó máa kọjú sẹ́yìn títí ìwọ̀n tàbí gíga rẹ̀ á fi dé òpin tí wọ́n kọ sára àga. Àwọn ìyá àgbà á ní ẹsẹ̀ ọmọ ti ká jù. Ẹsẹ̀ tó ká kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ wo bó ṣe ń ká a sí nílé.

Ẹ má sì gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síwájú airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ láé. Ẹ̀yìn àga, níbi tí orí ọmọ wà gan-an, ni yóò bú lù.

Àárín ìjókòó ẹ̀yìn jìnnà sí ilẹ̀kùn méjèèjì, nítorí náà ó dára. Àmọ́ àga tó dúró digbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàn ju èyí tó ń jó ní àárín lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, èmi máa ń yan ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí etí títì, kí n má bàa dúró sójú ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń gbé ọmọ jáde.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà de àga mọ́lẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni irin kékeré méjì tó fara pamọ́ níbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀. ISOFIX ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù, LATCH sì ni ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti ọdún 2002. Ẹ fi ìka wá a. Bí ti yín bá jẹ́ ISOFIX, ẹ ti apá àga síbẹ̀ títí yóò fi dún kọ̀ nígbà méjì, kí àmì pupa tó wà lára rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Bí àga náà bá ní ẹsẹ̀ tó ń dúró sílẹ̀ ọkọ̀, ẹ fà á gùn títí yóò fi tẹ ilẹ̀ dáadáa. Bí ihò ìkẹ́rùsí bá wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ìwé ọkọ̀ ló máa sọ bóyá ẹsẹ̀ náà lè dúró lé e. Ẹni tó bá lo irin kó má tún fi bẹ́líìtì dè é lé e, àfi bí ìwé bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àga kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi dán an wò, méjì kì í ṣe oore àṣelé.

Ọ̀nà kejì ni bẹ́líìtì ọkọ̀. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ sún ìjókòó iwájú lọ síwájú, kí ẹ sì kó gbogbo tìmùtìmù àti aṣọ tó wà lórí ìjókòó kúrò. Ẹ gbé àga síbẹ̀, kí ẹ wá ojú ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà. Àga tí ọmọ lè fi kọjú sẹ́yìn kó sì tún fi kọjú síwájú máa ń ní ojú ọ̀nà méjì. Lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù, àwọ̀ búlúù ni ti ìkọjúsẹ́yìn, pupa ni ti ìkọjúsíwájú. Mo ti rí bàbá ọmọ kan tó gba tọ̀ọ́kan bọ pupa, tó gba tọ̀ọ́kan jáde ní búlúù, tó wá ń bú ẹni tó ṣe àga. Ẹ tẹ́ bẹ́líìtì náà pẹlẹbẹ, kó má lọ́, kí ẹ ki ahọ́n rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dún.

Wàyí o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fa bẹ́líìtì náà jáde fìrì lẹ́ẹ̀kan, á há, wọ́n á sì ní, "Ó ti há, ó ti parí." Kò tíì há. Bẹ́líìtì ọkọ̀ kì í di nǹkan mú ní gbogbo ìgbà. Bí a bá fà á fìrì tàbí bí ọkọ̀ bá dúró lójijì nìkan ló ń há. Bí ẹ bá rọra fà á, á tún máa tú jáde. Ohun tí ọkọ àbúrò mi ṣe nìyẹn. Àga tí a fi irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ dè ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo kọ́nà, bẹ́líìtì ń fún un láyè.

Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tì í pa. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà tì í wà lọ́wọ́ ọkọ̀ yín àti àga yín. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹ ó rọra fa apá èjìká bẹ́líìtì náà jáde títí kò fi ní kù mọ́, pátápátá, dé ìdí. Bí ẹ bá wá jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa padà, ẹ ó máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò sì ní gbà kẹ́ ẹ tún fà á jáde mọ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò ní irú èyí. Àga fúnra rẹ̀ ló máa ń ní ẹnu ike kan tó ń pa dé mọ́ bẹ́líìtì. Àwọn àga gbígbé kan tó sì wọ́pọ̀ ní Yúróòpù kò lo ẹnu kankan: apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì á gba orí àga kọjá sínú ìkọ́ méjì, apá èjìká á yí ẹ̀yìn àga ká. Bí ti yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ìwé ṣe yà á ni kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ má fi ti ẹlòmíràn wé e.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ bó ṣe ń tì, ẹ wá fún un. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan sínú àga níbi tí bẹ́líìtì ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ da ìwúwo ara yín lé e. Ọwọ́ kejì a máa fa bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ẹ má fà á sí ara yín. Bó ṣe jáde láti ojú ọ̀nà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá a lọ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ohun tí ẹ bá rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ ibi tó ń ká sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á, ẹ sinmi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta kúkúrú dára ju ìfà gígùn kan lọ. Àwọn kan máa ń gun orí àga pẹ̀lú orúnkún méjèèjì bí ẹni ń gun ẹṣin. Èmi kì í ṣe é: bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, fóòmù ìjókòó á wú padà, á sì gbé imú àga, apá ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ń wà, sókè kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ìdánwò rẹ̀ rèé. Ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í fi kọ̀wé di àga mú níbi tí bẹ́líìtì ti gbà wọlé, kí ẹ mì ín bí ìgbà tí ẹ bá ń bọ ẹnìkan lọ́wọ́ dáadáa. Kò gbọdọ̀ sún ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ sọ́tùn-ún, sósì, síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ má lọ di apá orí àga mú, apá tó kọ sí iwájú ọkọ̀. Ibẹ̀ máa ń mì bó ti wù kí ẹ dè é tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ìyá ọmọ kan tí mo mọ̀ fi ọjọ́ méjì da ara rẹ̀ láàmú nítorí pé orí àga ló ń mì, tí ìdí rẹ̀ sì dúró bí òkúta.

Ẹ tún wo ẹnu bẹ́líìtì ọkọ̀. Bó bá fara ti etí ike àga, tó tẹ̀ síbẹ̀, ẹ yan ìjókòó mìíràn, nítorí ó lè tú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ. Okùn tí ẹ fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ tó wò ó. Àga á ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, tàbí bọ́ọ̀lù kékeré nínú gíláàsì. Bó bá nàró jù, orí ọmọ á ṣubú síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, ọ̀nà èémí á sì dí láìsí ariwo kankan. Bí ìwé àga bá gbà, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ kan le dáadáa, kí ẹ fi rọ́bà dè é, kí ẹ tì í sí abẹ́ imú àga. Kò sídìí láti ra fóòmù. Àmọ́ bí ẹ bá ti fi táwẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ tú bẹ́líìtì kí ẹ sì fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kù. Okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde láti ojú ihò tó bá èjìká ọmọ dọ́gba tàbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ti ìdí rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga, ẹ de okùn, kí ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti ká okùn náà pọ̀ ní egungun èjìká. Bí ẹ bá rí i ká, kò tíì fún tó. Àánú ló ń ba ti àwọn ìyá jẹ́ níbí. Wọ́n á ní ó ń fún ọmọ. Aṣọ òtútù tó nípọn náà ń tan ni: okùn á dà bíi pé ó le, afẹ́fẹ́ inú aṣọ ni. Ẹ bọ́ ọ, ẹ de ọmọ, kí ẹ wá fi aṣọ náà bò ó láti òkè. Bí orí bá ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìwé sì gbà, ẹ ká aṣọ ìtẹ́dìí sí ọ̀tún àti òsì orí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kì í sì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi ọmọlángidi kọ́ ọwọ́ kí ọmọ gidi tó dé.

Bí ìrìn bá gùn, ẹ dúró bí wákàtí méjì bá ti pé kí ẹ gbé e jáde. Bí ẹ bá sì délé tó ń sùn, ẹ gbé e lọ sórí ibùsùn rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú àga.

Èmi máa ń mì àga nígbàkígbà tí mo bá lọ ra epo, torí bẹ́líìtì máa ń dẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fọ̀, tí wọ́n tú àga náà, tí ọmọkùnrin ibẹ̀ sì ní òun á bá yín dè é padà, ẹ kí i, ẹ gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e sí bọ́ọ̀tù títí ẹ ó fi délé.